V6, túbò tàbí háíbíríìdì: ẹ́ńjìnnì wo ni kí n mú nínú Highlander mẹ́ta?

Ìbéèrè: “Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Òmù-Àrán ni mí, Kàrú ni mò ń gbé ní Àbújá, ọ́fíìsì mi sì wà ní Central Area, nítorí náà ojoojúmọ́ ni mo ń jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti afárá Kàrú títí dé oríta AYA. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni iṣẹ́ ń gbé mi lọ sí Jos, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún sì ni èmi àti ìdílé mi ń gba Lọ́kọ́ja àti Kàbà lọ sílé. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà fẹ́ fi jíìpù Toyota Highlander kan ránṣẹ́ sí mi, ó sì ti rí mẹ́ta tí owó wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra: ti 2021 tó ní ẹ́ńjìnnì V6 (onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà), ti 2023 tó ní ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin pẹ̀lú túbò, àti ti 2022 tó jẹ́ háíbíríìdì, èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù pọ̀ mọ́ mọ́tò iná. Mẹkáníìkì mi ní kí n má ṣe fojú kan háíbíríìdì rárá, pé bátìrì rẹ̀ yóò jẹ mí ní gbèsè, àti pé ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin kò lè gbé jíìpù gun òkè Jos. Èwo ni kí n mú?”

Ará Òmù-Àrán, ẹ kú ètò ọkọ̀. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá bá mi ní ìsọ̀ ní Àpò, ìgbà tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó tán ni wọ́n ń béèrè irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí mẹkáníìkì yín sọ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ mìíràn ni, kì í ṣe nípa àwọn mẹ́ta tí àbúrò yín rí. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì V6 lítà 3.5 ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa mọ̀ mọ Highlander. Mọ́dẹ́ẹ̀lì 2008 ni ó ti wọ inú ọkọ̀ náà pẹ̀lú agbára ẹṣin 270, wọ́n tún un ṣe fún mọ́dẹ́ẹ̀lì 2017 tí ó fi di 295, ó sì wà níbẹ̀ títí mọ́dẹ́ẹ̀lì 2022 fi parí. Láàárín àkókò yẹn náà, láti mọ́dẹ́ẹ̀lì 2009, wọ́n ń ta èyí tó ní ẹ́ńjìnnì lítà 2.7 onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin tí kò ní túbò, tí agbára ẹṣin rẹ̀ jẹ́ 187, fún àwọn tí kò fẹ́ náwó púpọ̀. Èyí ni mẹkáníìkì yín ń rántí, ó sì jàre rẹ̀, nítorí bí èèyàn méje bá wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú ẹrù, tí ẹ̀rọ amúlétutù sì ń ṣiṣẹ́, ẹ ó gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń kígbe kí ó tó gun òkè. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin tó wà nínú mọ́dẹ́ẹ̀lì 2023 kì í ṣe ìbátan èyí rárá. Lítà 2.4 ni, ó ní túbò, agbára ẹṣin rẹ̀ sì jẹ́ 265. Òun ni Toyota fi rọ́pò V6 ní ọdún náà, kì í ṣe pé wọ́n fi í kún un.

Ẹ ó sọ pé 265 kéré sí 295, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n iye agbára ẹṣin nìkan kọ́ ni ó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe máa rìn. Agbára mìíràn wà tí ó jẹ mọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí irin ìdí rẹ̀ tó, Newton-mita ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, òun gan-an ni ẹsẹ̀ yín ń mọ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́tù. V6 ti 2021 ní Newton-mita 357, àmọ́ ẹ́ńjìnnì náà gbọ́dọ̀ ti máa yípo ní ìgbà 4,700 láàárín ìṣẹ́jú kan kí ó tó fún yín ní gbogbo rẹ̀. Ti túbò ní 420, ó sì ti ń fún yín láti orí ìyípo 1,700. Láti Kugbo tó wà lójú ọ̀nà yín dé AYA, bí ẹ bá wo aago tó wà níwájú yín, ẹ ó rí i pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 2,000. Ìyẹn ni pé ibi tí V6 ti ń jí lójú oorun ni túbò ti wà lẹ́nu iṣẹ́ pátápátá. Ẹni tó bá sọ fún yín pé onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin yìí kò lè fa jíìpù, ó ṣeé ṣe kó má tíì wa irú rẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ epo ló kàn, òun sì ni ó yẹ kí ó gba àyè jù lọ nínú ìrònú yín. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí oṣù náà tó parí, epo bẹntiróòlù ti di náírà 537 fún lítà kan ní ilé epo NNPC ní Àbújá, ó di 617 ní oṣù Keje ọdún náà, nígbà tí yóò sì fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ó ti di 1,030. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó bá bi mí léèrè nípa bí ọkọ̀ ṣe ń jẹ epo, mo máa ń dá a lóhùn pé kí ó ra èyí tí ó wù ú. N kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Nínú ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń díwọ̀n lílo epo nínú ìgboro, fún àwọn tí táyà iwájú nìkan ń fà, V6 ti 2021 ń rin máìlì 21 lórí gálọ́ọ̀nù kan, túbò ti 2023 ń rin 22, háíbíríìdì sì ń rin 36. Bí a bá yí i sí ìwọ̀n tiwa, V6 ń rin bíi kìlómítà 8.9 lórí lítà kan, túbò 9.4, háíbíríìdì 15.3. Ẹ jẹ́ ká sọ pé kìlómítà 1,200 ni ẹ ń rìn láàárín Àbújá lóṣù. V6 yóò mu lítà 135, túbò yóò mu 128, háíbíríìdì yóò mu 78. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tiwa àti nínú oòrùn oṣù Kẹta, gbogbo wọn ni yóò mu ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ V6 àti túbò ni àfikún náà yóò pọ̀ jù fún, nítorí pé ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń gbé wọn rìn nínú gbogbo ìrákò náà, nígbà tí háíbíríìdì máa ń pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fúnra rẹ̀ tí yóò sì máa fi bátìrì rákò. Kódà ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ kò dá lórí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì. Iná bátìrì ńlá ni ó ń lò, nítorí náà yóò máa tutù bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ kú.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà dáadáa. Láàárín V6 àti túbò, lítà méje péré lóṣù. Láàárín V6 àti háíbíríìdì, bíi lítà mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Bí a bá lo 1,030 tí mo dárúkọ lókè yẹn, ó ju náírà 58,000 lọ lóṣù kan, ó sì ju 700,000 lọ díẹ̀ lọ́dún, láìtíì ka ìrìn àjò Jos àti ti ilé mọ́ ọn. Iye tí wọ́n ń ta epo lọ́jọ́ tí ẹ ń ka èyí ni kí ẹ fi sọ lítà mẹ́tàdínlọ́gọ́ta náà di púpọ̀, ẹ ó mọ ohun tí bátìrì tí ẹ ń bẹ̀rù náà ń san padà fún yín.

Ó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu pé túbò kò dín epo kù ju báyìí lọ, nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kó yani lẹ́nu. Ohun tí túbò ń ṣe ni pé ó ń fi èéfín tó ń jáde yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan, abẹ̀bẹ̀ náà sì ń ki afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì. Níbi tí afẹ́fẹ́ púpọ̀ bá sì wọ̀, epo púpọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ́ńjìnnì yóò jó ara rẹ̀. Bí ẹ bá ń fẹ̀sọ̀ wà á, ẹ́ńjìnnì kékeré ni ẹ ń wà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì ńlá ni ẹ ń bọ́. Toyota fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé ẹ́ńjìnnì tuntun yìí dín àwọn èéfín olóró kan kù ju ìdajì lọ sí ti V6. Àǹfààní ńlá nìyẹn fún afẹ́fẹ́ tí a ń mí, ṣùgbọ́n kò sí nínú owó epo yín.

Túbò náà ní ohun tí ó ń fẹ́ lọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ ń yí ní ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú kan, nínú ooru gbígbóná, orí ọ́ìlì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sì ń yí lé. Bí ọ́ìlì náà bá ti dúdú ju, tàbí tí ó jẹ́ ayédèrú, irin tó gbé abẹ̀bẹ̀ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í họ. Ìdí nìyí tí èmi fi ń bá túbò tòkunbọ̀ ṣọ́ra. Kò sí ohun tó burú nínú túbò fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ kò mọ bí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ ọ́ìlì V6 lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ó máa ń forí jì wọ́n. Túbò kì í gbàgbé. Bí ẹ bá ra tuntun láti inú ilé ìtajà, tí ẹ̀yin fúnra yín ń pààrọ̀ ọ́ìlì gidi ní kìlómítà 5,000, 5,000, tí ẹ sì ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó pa á lẹ́yìn ìrìn àjò jíjìn, n kò ní sọ̀rọ̀ òdì kankan sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí bátìrì háíbíríìdì, nítorí òun ni ìbẹ̀rù tó gbilẹ̀ jù láàárín wa, ìbẹ̀rù náà sì ní ìdí. Bátìrì ńlá tó wà nínú Highlander ti 2022 jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní nickel-metal hydride, fóòlùtì rẹ̀ jẹ́ 288, abẹ́ àga àárín ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ní Amẹ́ríkà, ìwé ìdánilójú tí Toyota kọ fún un jẹ́ ọdún 10 tàbí máìlì 150,000, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Ìwé náà kò bá ọkọ̀ tòkunbọ̀ wọlé sí Nàìjíríà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tàn yín jẹ; mo dárúkọ rẹ̀ kí ẹ lè mọ iye ọdún tí ẹni tó ṣe é gbà pé ó yẹ kó lò. Bátìrì ti 2022 kò tíì sún mọ́ òpin ọdún mẹ́wàá yẹn.

Ohun tó ń pa á níhìn-ín ṣáájú ọjọ́ ni ooru, ooru náà sì máa ń gba ọ̀nà kékeré kan wọlé. Bátìrì yìí ń mí. Fáànù kan wà tó ń fa afẹ́fẹ́ tútù láti inú ọkọ̀ gba ojú ihò kan lẹ́bàá ìsàlẹ̀ àga náà, fílítà pẹlẹbẹ kan sì wà lójú ihò ọ̀hún. Ní Àbújá, láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, ọyẹ́ ń da eruku sí gbogbo nǹkan, yóò sì bo fílítà yẹn bí ẹni fi aṣọ dí i. Ọdún méjì sẹ́yìn, ní àárín ọyẹ́, wọ́n wọ́ ọkọ̀ háíbíríìdì kan wá sọ́dọ̀ mi láti ìsọ̀ mìíràn tí wọ́n ti sọ fún obìnrin tó ni ín pé bátìrì ti kú, pé kí ó lọ wá owó bátìrì odidi. Nígbà tí mo ṣí ojú ihò náà, eruku tó wà níbẹ̀ le bí amọ̀ gbígbẹ, kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì tẹ́ sílẹ̀ ti ká bo apá kan rẹ̀. A fọ fílítà, a fọ fáànù, a pa àmì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ́, a sì gbé e rin kìlómítà ogójì kí a tó fi lé e lọ́wọ́. Bátìrì kan náà ni ó ṣì ń lò títí di òní. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, ó sì ṣì ń bí mi, nítorí obìnrin náà ti ń wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ rẹ̀ kí ó lè fi san owó bátìrì.

Nítorí náà, bí ẹ bá mú háíbíríìdì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ẹrù tàbí àpò dí ẹ̀gbẹ́ àga àárín, kí ẹ máa fọ fílítà náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, ní àárín rẹ̀ àti ní òpin rẹ̀, kí ẹ sì wá ibòji fún ọkọ̀ náà ní ọ́fíìsì bí ó bá ṣeé ṣe. Ohun kejì jẹ́ ti ẹ̀mí. Àwọn wáyà aláwọ̀ ọsàn tí ẹ ó rí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì gbé iná tó lágbára ju iná ilé yín lọ, nítorí 230 ni ti ilé. Mẹkáníìkì tó bá fẹ́ fi ìka kàn án láìkọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì ààbò bátìrì, kí ó sì dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í kà mọ́ àǹfààní háíbíríìdì ni iye nǹkan tí kò sí nínú rẹ̀. Kò ní ọ̀tẹ̀nétọ̀ (ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti fi iná sí bátìrì), kò ní sítátà, kò ní bẹ́líìtì tó ń já. Jíà rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó ń pààrọ̀ láti ọ̀kan sí èkejì pẹ̀lú àwọn abala tó ń jó. Ọ̀nà tí wọ́n gbà so mọ́tò iná méjì pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì ni ó ń ṣiṣẹ́ jíà. Páàdì bíréèkì rẹ̀ sì máa ń pẹ́ gan-an, nítorí pé bí ẹ bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, mọ́tò iná ni ó ń kọ́kọ́ dá ọkọ̀ dúró, tí yóò sì máa dá iná padà sínú bátìrì. Ní ojú ọ̀nà tí ẹ ń tẹ bíréèkì ní ìgbà ọgọ́rùn-ún kí ẹ tó dé ibi iṣẹ́, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ìdíwọ̀n epo kan wà tí ó kan àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n kọ ọ́ pé epo tí nọ́ńbà ọ́kítéènì rẹ̀ (ìwọ̀n bí epo kò ṣe ń tètè gbiná ṣáájú àkókò nínú ẹ́ńjìnnì) jẹ́ 87 ni kí wọ́n máa mu, àwọn kan sì ti sọ fún mi pé epo wa kò lè bá irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ mu. Ọ̀nà tí Amẹ́ríkà ń gbà ka nọ́ńbà yẹn yàtọ̀. 87 tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 91 nínú ìwọ̀n RON tí a ń lò níhìn-ín, nítorí náà kò béèrè epo olówó iyebíye kankan. Ìdọ̀tí ni ó yẹ kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ ó rántí oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí ìjọba fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé methanol tó kọjá ìwọ̀n wà nínú bẹntiróòlù tí wọ́n kó wọlé, tí ìlà ọkọ̀ sì gùn láti ilé epo kan dé èkejì ní gbogbo Àbújá. Lóṣù yẹn, pọ́ńpù epo tí mo yọ pọ̀ ju ti ọdún kan gbáko lọ. Ẹ́ńjìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ní pọ́ńpù kejì tó ń fi agbára ńlá ti epo tààrà sínú sílíńdà, kò sì fẹ́ràn omi tàbí ìdọ̀tí. Ẹ yan ilé epo kan tàbí méjì tí ọjà rẹ̀ ń yá, kí ẹ dúró tì wọ́n, kí ẹ má sì ra epo inú jálá lójú ọ̀nà Àkwáńgà bí ó ti wù kí ìlà gùn tó.

Ní ti òkè Jos, ẹ jẹ́ kí n dá mẹkáníìkì yín lóhùn pẹ̀lú ìṣirò. Jos ga tó bíi mítà 1,200 sí ojú òkun. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ẹ́ńjìnnì tí kò ní túbò a sì máa pàdánù bíi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ní gbogbo mítà ọ̀ọ́dúnrún tó bá gùn. Nígbà tí V6 bá fi máa gun Hawan Kibo tán, agbára ẹṣin 295 rẹ̀ ti di bíi 260. Túbò yóò kàn yára yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sí i láti fi dí àlàfo náà, yóò sì wà nítòsí 265 rẹ̀. Àpapọ̀ agbára háíbíríìdì jẹ́ 243, 186 nínú rẹ̀ ni ti ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, ìyẹn nìkan ni gíga òkè sì lè bù jẹ, nítorí mọ́tò iná kò nílò afẹ́fẹ́. Yóò dúró sí bíi 220. Mo ti wa háíbíríìdì gba Hawan Kibo pẹ̀lú èèyàn márùn-ún. Ariwo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pọ̀ ju ti V6 lọ níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀rù má bà yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ àjàgbé kankan tí n kò lè yà sílẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí yóò ti kùnà ni bí ẹ bá ní nǹkan tí ẹ fẹ́ máa so mọ́ ẹ̀yìn fà: 1,588 kìlógíráàmù ni wọ́n gbà fún un, nígbà tí V6 àti túbò lè fa 2,268. Ẹ kò sọ pé ẹ ní tírélà, nítorí náà n kò ní fi ìyẹn ṣe ìdájọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ pátì àti ẹni tí yóò tún un ṣe, ibí yìí sì ni V6 ti ń gba ìyìn tó tọ́ sí i. Ìdílé ẹ́ńjìnnì yẹn ti wọ Camry, Sienna, Lexus RX 350 àti ES 350 fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Kugbo tàbí ní Àpò, àní ní Lọ́kọ́ja, ẹ ó rí ẹni tó ti tú u palẹ̀ rí. Àìsàn rẹ̀ tí mo sábà ń rí ni kí ọ́ìlì máa sun láti ìbòrí ṣéènì iwájú, tàbí kí pọ́ńpù omi máa jò. Méjèèjì ló ní àtúnṣe. Ẹ́ńjìnnì háíbíríìdì náà kì í ṣe àjèjì mọ́, nítorí lítà 2.5 kan náà ni ìbátan rẹ̀ tó wà nínú Camry àti RAV4 tuntun, pátì rẹ̀ sì ń wọlé. Túbò ni pátì rẹ̀ ṣọ̀wọ́n jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ó sì ti wù kí ó rí, ẹni tó ń gba Kàbà lọ sí Òmù-Àrán pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ro ibi tí ọkọ̀ yóò ti bà jẹ́ sí mọ́ bí ó ṣe ń sáré tó.

Ìdájọ́ mi nìyí. Ẹ mú háíbíríìdì ti 2022. Bí ẹ bá ka wákàtí tí ọkọ̀ yín yóò lò lójú ọ̀nà láàárín ọdún kan, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà láàárín afárá Kàrú àti AYA, ibẹ̀ sì ni háíbíríìdì ti ju àwọn méjì tó kù lọ ní ọ̀nà jíjìn. Bí àyẹ̀wò tí mo fẹ́ sọ yìí bá fi hàn pé bátìrì rẹ̀ kò yá gágá, ẹ padà sórí V6 láìro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ó san owó epo, ṣùgbọ́n ẹ ó sùn. Túbò ti 2023 ni n kò ní fi ránṣẹ́ bí mo bá jẹ́ àbúrò yín, àfi tí ìwé ìpààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ bá pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí ohun tí ó fi ju V6 lọ nínú epo kò tó ohun tí ẹ ń fi wéwu.

Kí àbúrò yín tó sanwó, kí ó gba VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ oní-lẹ́tà-àti-nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún tó wà lára ọkọ̀ náà, kí ó sì fi ra ìwé ìtàn ọkọ̀ náà. Ìjì Ian tó jà ní Florida ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 rì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sínú omi iyọ̀, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè fọ háíbíríìdì tí omi iyọ̀ ti wọ abẹ́ àga rẹ̀ tí yóò fi sàn. Kí ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè fi ẹ̀rọ ka ipò bátìrì náà, abala kọ̀ọ̀kan, kí agbára àwọn abala náà sì súnmọ́ ara wọn. Bí ọ̀kan bá rẹlẹ̀ jìnnà sí àwọn yòókù, kí ó rìn kúrò níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irú tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, mọ́tò iná kan wà lẹ́yìn tó ń fa táyà ẹ̀yìn. Kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè, kí wọ́n wo ibi tí wáyà aláwọ̀ ọsàn ti wọ mọ́tò náà, pàápàá bí ọkọ̀ bá ti ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sórí yìnyín wá, nítorí iyọ̀ yẹn ti jẹ irú ojú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ lára RAV4 háíbíríìdì ti 2019 sí 2021. Kí ó fọwọ́ yẹ ẹnu ihò afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ àga wò, kí ó sì ya fọ́tò rẹ̀ fún yín.

Nígbà tí ọkọ̀ bá wọ Èkó, ẹ má ṣe fi ìdùnnú wà á wá sí Àbújá lọ́jọ́ kan náà. Kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀, kí wọ́n yẹ bátìrì kékeré oní-fóòlùtì 12 wò, nítorí ìrìn orí omi sábà máa ń pa òun, bí ó bá sì kú, háíbíríìdì kò ní jí rárá, ẹni tí kò mọ̀ yóò sì di ẹ̀bi ru bátìrì ńlá. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé tó bá ọkọ̀ wá sọ pé ibi tí eruku bá pọ̀, máìlì 5,000, ìyẹn bíi kìlómítà 8,000, ni kí wọ́n máa pààrọ̀ ọ́ìlì, kì í ṣe máìlì 10,000 tí àwọn ará ibẹ̀ ń lò. Eruku pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ tẹ̀ lé 8,000 náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ́ìlì tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ìwé náà ni wọ́n dà sí i, bí ẹni tó ń tà á ní Kugbo tilẹ̀ ń sọ pé èyí tó ki ni ó bá ooru wa mu.